Ohun Tó Pa Ìyá Ìkókó: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Á Béèrè?

Bí aláboyún bá lọ bímọ tí kò padà wálé, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ilé kì í gùn. "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹnì kan á sọ ọ́, àwọn yòókù á mi orí, ẹni tó bá sì ní ìbéèrè lọ́kàn á gbé e mì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n á ti máa wá ẹni tí yóò gba ọmọ tọ́. Ibi tí ìyá wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe mọ́tò, ìgbà tí mọ́tò tó dé, gbogbo rẹ̀ á bá òkú wọlẹ̀ lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí obìnrin 260,000 ló kú ní gbogbo ayé nítorí oyún, ìrọbí, tàbí ohun tó tẹ̀ lé ìbímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nǹkan bí 75,000 nínú wọn ló kú ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló gba ìdá kan ó lé nínú mẹ́rin.

Kì í ṣe pé irọ́ ni gbólóhùn àwọn àgbà. Ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ mọ̀ pé kò sí ẹ̀mí tó wà lẹ́yìn ọwọ́ Rẹ̀. Ohun tó ń dunni ni pé gbólóhùn náà máa ń yá jù. Ó ń dé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, bó bá sì ti dé, kò sí ẹni tó tún lè béèrè mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wà ńlẹ̀. Ìṣirò ọdún 2023 yẹn kan náà sọ pé nínú ìbímọ 100,000 ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìyá 993 ló ń bá a lọ. Ní Nọ́wè àti ní Japan, wọn kì í tó 10. Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ń mú ikú yìí wá tí ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé Ọlọ́run ń ṣojúsàájú nìyẹn, kò sì sí ẹ̀sìn kan nílẹ̀ Yorùbá tó lè fara mọ́ ọn. Onígbàgbọ́ kò ní gbà, Mùsùlùmí kò ní gbà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní gbà. Kí ló dé, nígbà náà, tí a fi ń ṣe bí ẹni pé ẹni tó bá béèrè ohun tó pa ìyá ọmọ ń bá Elédùmarè jà?

Àwọn baba ńlá wa kò rò bẹ́ẹ̀. Bí aboyún bá kú láyé àtijọ́, wọn kì í sin ín bí ẹni sin òkú àgbà kí wọ́n sì túká. Àwọn awo ni wọ́n ń pè sí i, ètùtù ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń lọ sídìí ọpọ́n Ifá láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ìbéèrè kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àbíkú pẹ̀lú. Ìyá tó bí mẹ́ta tó sì sin mẹ́ta kì í gbọ́ pé kó lọ jókòó. Wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n á sọ ọ́ ní Dúrójayé, wọ́n á sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́. Lónìí a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, pé ibà pa àwọn mìíràn, pé abẹ ìdọ̀tí tí wọ́n fi gé ìwọ́ ló pa àwọn mìíràn. Ìdáhùn tí àwọn àgbà rí kò tọ̀nà tó, àmọ́ wọn kò jókòó tẹtẹrẹ. Àmì tí wọ́n fi sára òkú ọmọ yẹn, ìdánwò ni. Wọ́n fẹ́ fi ojú rí i bóyá ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ènìyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì gbà pé ikú ọmọ òun kò ní ìdí.

Ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ìbéèrè yìí gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ọdún 1846 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Hungary kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ńlá ìlú náà. Ẹ̀ka méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ń gbẹ̀bí ní ẹ̀ka kìíní, àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ló wà ní ẹ̀ka kejì. Ibà ìbímọ ń pa nǹkan bí ìyá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀ka kìíní. Ti ẹ̀ka kejì kò tó ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ tí aboyún bá dé ni wọ́n fi ń pinnu ẹ̀ka tí yóò lọ, gbogbo ìlú sì ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn obìnrin tí ìrọbí ti mú á kúnlẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka àwọn dókítà. Àwọn kan bímọ sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, Semmelweis sì rí i pé àwọn tó bímọ sójú títì yìí kì í sábà kú bí àwọn tó bímọ sọ́wọ́ dókítà.

Àlàyé pọ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní èrò pọ̀ jù ni. Semmelweis tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìsìn pàápàá. Bí obìnrin kan bá ń kú lọ ní ẹ̀ka kìíní, àlùfáà Kátólíìkì tó ń gbé sákírámẹ́ǹtì lọ bá a máa ń gba inú yàrá márùn-ún kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń lu agogo níwájú rẹ̀. Ní ẹ̀ka kejì, ọ̀nà tààrà ló ń gbà. Ṣé ìbẹ̀rù agogo yẹn ló ń pa àwọn ìyá ni? Ó bẹ àlùfáà pé kó gba ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n má sì lu agogo mọ́. Àlùfáà gbà. Ikú kò dín kù. Ìyẹn náà ti kúrò nílẹ̀, kò sì sí ìjà láàárín wọn lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka kú. Wọ́n ń yẹ òkú wò lọ́wọ́ ni ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un níka, àìsàn tó sì gbé e lọ jọ ti àwọn ìyálọ́mọ gẹ́lẹ́. Ojú Semmelweis là. Yàrá òkú ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń wá sí yàrá ìrọbí láràárọ̀. Àwọn agbẹ̀bí kì í lọ sí yàrá òkú. Láti oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn fi omi oníkẹ́míkà tó ń pa òórùn fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ní oṣù Kẹrin, ìyá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, wọ́n ti sọ̀ sí bíi méjì.

Ohun tó yẹ kí àwọn olùfọkànsìn wò dáadáa nínú ìtàn yìí wà nínú ìwé tí Semmelweis fúnra rẹ̀ kọ lọ́dún 1861. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé òun gan-an wà lára àwọn tó gbé ikú lọ bá àwọn ìyá wọ̀nyẹn, nítorí òun náà máa ń lọ sí yàrá òkú, àti pé Ọlọ́run nìkan ló mọ iye àwọn tí òun fi bẹ́ẹ̀ rán lọ sọ́run láìtọ́jọ́. Ọlọ́run ló mọ̀: gbólóhùn tí à ń lò nílé òkú ni òun náà lò. Ẹ̀yìn ìwádìí ló ti sọ ọ́. Lẹ́nu rẹ̀, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́, kò sì fi dá ìbéèrè ẹnikẹ́ni dúró.

Ọdún 1847 kan náà ni James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í fi chloroform dín ìrora ìrọbí kù ní Edinburgh, tí àwọn kan sì ń pariwo pé Ọlọ́run ti ní kí obìnrin máa jẹ̀rora bí ó bá ń bímọ. Simpson tẹ ìwé pélébé jáde lórí ẹ̀sùn náà, ó sì rán wọn létí pé kí Ọlọ́run tó yọ egungun ìhà Ádámù, Ó kọ́kọ́ kùn ún lóorun. Ní 1853, Ọbabìnrin Victoria gba òògùn yẹn nígbà tó ń bí Leopold, ariwo sì rọlẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àti ìgbàgbọ́ ti pín ìjọ níyà rí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, ilé ìwòsàn kò ní òògùn kan pàtó fún un. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ àdúrà, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn orísun ìjọ Aládùúrà wà. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ. Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì tó wá láti Britain dara pọ̀ mọ́ wọn, ìjà sì dé nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Àríyànjiyàn yẹn wà lára ohun tó bí ìjọ Kírísítì Àpọ́sítélì tí a mọ̀ sí CAC. Títí di òní, àwọn ilé àgbẹ̀bí CAC wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu àwọn ilé àgbẹ̀bí yẹn, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí àwọn obìnrin fi ń lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ pe aboyún. Ìyá ìjọ kan jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, orin ń lọ, àdúrà ń lọ. Kò sí ẹni tó ní kó panu mọ́. Lọ́nà kejì, obìnrin mélòó ni nọ́ọ̀sì ti bú ní yàrá ìrọbí ìjọba pé nígbà tó ń ṣe é, ṣé ó pariwo báyìí? Mélòó ni wọ́n ti gbá nítan? Kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan; Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìkéde jáde lọ́dún 2014 láti bẹnu àtẹ́ lu ìfìyàjẹ àti ìwọ̀sí tí wọ́n fi ń lọ àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ tí kò mọ ènìyàn ń lé aboyún padà sí ibi tí abẹ́rẹ́ kò sí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò kéré sí ti wòlíì tó ní kí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ má lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn méjèèjì jọ pín in.

Àdúrà kan wọ́pọ̀ nínú ìjọ: ìwọ yóò bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà dáadáa ni, ó sì dùn ún ṣe àmín sí. Àwọn kan wá ń fi kọ iṣẹ́ abẹ. Dókítà á ní ọmọ ti há, wọ́n á ní obìnrin Hébérù ni àwọn. Ó yẹ kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ padà lọ ka orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù. Ẹnu àwọn agbẹ̀bí méjì ni ọ̀rọ̀ obìnrin Hébérù yẹn ti jáde, Ṣífúrà àti Púà, níwájú Fáráò tó ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin lórí ìkúnlẹ̀. Ìwé náà dárúkọ àwọn agbẹ̀bí méjèèjì. Kò dárúkọ ọba. Ó sì sọ pé Ọlọ́run ṣe dáadáa sí wọn, Ó fún wọn ní ìdílé, nítorí pé wọ́n bẹ̀rù Rẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀mí sí. Iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ̀bí ni orí ìwé náà ń yìn. Rákélì ń kọ́? Ìyá Jósẹ́fù ni, aya Jákọ́bù ni, ẹ̀jẹ̀ Hébérù sì ni. Ìrọbí ló pa á lọ́nà Éfúrátà, pẹ̀lú agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Nínú Àlùkùránì, ìrọbí Mọ́ríyámù, ìyá Ànábì Ísà, wà nínú Súúrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìrora gbé e lọ sídìí igi dàbínù, ó dá wà, ó sì wù ú pé kí òun ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọlọ́hun kò bá a wí. Omi ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ohùn kan sì sọ fún un pé kó mi igi náà, kí èso tó pọ́n lè já bọ́ fún un. Ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ń rọbí, tí agbára ti tán lára rẹ̀, ni wọ́n ní kó mi igi dàbínù. Ẹni tó lè mú omi ṣàn lè mú èso já bọ́ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ Ó fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ ènìyàn, kódà ọwọ́ tó ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí mọ hádíìsì tó ka obìnrin tó bá kú nínú oyún tàbí ìrọbí mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú. Ìtùnú ńlá ni fún ẹni tí aya rẹ̀ lọ. Ìtùnú ẹni tó ṣẹ́ kù ni, kò dá ẹnikẹ́ni láre tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi aboyún sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ó tó àkókò láti wo ohun tí ìbéèrè ń ṣe nínú yàrá ìrọbí lónìí. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa ìyá jù lọ láyé, nǹkan bí 70,000 lọ́dọọdún, ó sì lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú lásán ni nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yìí. Ojú sì máa ń tanni. Ẹ̀jẹ̀ ń mu sínú ìró, ó ń mu sínú ibùsùn, ó ń dà pọ̀ mọ́ omi tó bá ọmọ jáde, ó ń kán sílẹ̀. Obìnrin tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó kún ike omi 50cl lè ṣì máa béèrè ọmọ rẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín, kí àwọn ará ilé sì máa dúpẹ́ níta.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ọ̀rá kan wá. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á ti ọ̀rá náà bọ abẹ́ ìdí ìyá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò, wọ́n sì fa ìlà sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú àpò, gbogbo ojú á sì máa rí i. Bó bá kan ìlà 300 mílílítà, nọ́ọ̀sì á wo bí ọkàn ìyá ṣe ń lù àti bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Bó bá kan 500, àríyànjiyàn ti parí. Wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kó lè sún kì, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wọ́n á fún un ní òògùn tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ara ya tàbí ibi ọmọ kù sínú. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣe ọ̀kan, wọ́n á dúró wò ó, wọ́n á tún ṣe òmíràn, ẹ̀jẹ̀ kò sì dúró dè wọ́n.

Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa ni wọ́n ti dán ètò yìí wò, níbi tí àwọn ìyá tó lé ní 210,000 ti bímọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá àti ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan náà, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà dé ojú ewu lára wọn, tàbí tó gbé dórí iṣẹ́ abẹ, tàbí tó pa, fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Nọ́ńbà kejì ló wúwo jù fún ọ̀rọ̀ wa. Níbi tí wọ́n ṣì ti ń fi ojú díwọ̀n, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà jù lára wọn ni kò sí ẹni tó mọ̀. Ìdajì. Àwọn obìnrin wọ̀nyí wà nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, òògùn wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, kò kàn sí ẹni tó rí i ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ta ni yóò wá sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ike olówó pọ́ọ́kú kan ni kò sí lábẹ́ rẹ̀?

Ti ìkókó náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti ọdún 1978 ni àwọn dókítà ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ti ń gbé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, ara sí ara, nítorí àpótí amúnimóoru kò tó. Wọ́n gbà nígbà náà pé ó dìgbà tí ara ọmọ bá kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé e fún ìyá. Ilé ìwòsàn márùn-ún ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tanzania àti Nàìjíríà béèrè bóyá òótọ́ ni. Ti Nàìjíríà wà ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ọmọ kan sí àyà ìyá lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, wọ́n tọ́jú àwọn yòókù bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ bíi méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín àwọn tí wọ́n gbé sáyà lójú ẹsẹ̀. Láàárín àwọn yòókù, ó sún mọ́ mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró ṣáájú àkókò, torí pé kò tọ́ mọ́ láti fi àyà ìyá du ọmọ kankan.

Ẹ̀kọ́ ìwà ni ìpinnu yẹn. Kí wọ́n tó béèrè, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí ìdáhùn dé, ẹni tó bá ṣì lé ìyá jáde kúrò ní yàrá ìkókó ti di ẹlẹ́bi. Bóyá ohun tó ń bà wá lẹ́rù nínú ìbéèrè nìyẹn. Ọlọ́run kọ́ ni à ń gbèjà Rẹ̀ tí a fi ń dákẹ́. Ọkọ ń bẹ̀rù pé wọ́n á rí i pé òun ló ní kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ìyá ọkọ ń bẹ̀rù àgbo tó fún un mu. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù wákàtí mẹ́ta tí kò fi yẹ ìyá wò. Ìjọba ń bẹ̀rù ilé ìwòsàn tí iná kò sí. Gbogbo wọn á wá di orúkọ Ọlọ́run mú.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n sì gbájú mọ́ àwọn ibi tí ìdádúró ti ń pa ènìyàn: kí ilé tó pinnu, kí wọ́n tó rí mọ́tò, kí ilé ìwòsàn tó dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n fa àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé ìjọsìn mọ́ra kí wọ́n máa darí aboyún sí ilé ìwòsàn. Ní 2010, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa fi ikú gbogbo ìyálọ́mọ tó ìjọba létí, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láti kọ́ ẹ̀kọ́, láìfi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti 1952. Èyí tó pa ìyà rẹ́ nínú òfin náà ló jinlẹ̀ jù, nítorí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lè sọ òótọ́.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé ìbéèrè jẹ́ àìgbàgbọ́, kó wo Jóòbù. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kú, òun ni wọ́n máa ń kà níbi ìsìnkú. Àmọ́ ìwé rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Nǹkan bí ogún orí ló fi béèrè ìdí, tó ń bá Ọlọ́run ṣàròyé lójúkojú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ní àlàyé fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run dájọ́ níkẹyìn, àwọn ọ̀rẹ́ tó ní àlàyé ni Ó bínú sí. Jóòbù tó ń béèrè ni Ó ní ó sọ̀rọ̀ Òun bó ṣe tọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ẹ̀yin babaláwo tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè sílé òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún ẹbí, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè. Aago mélòó ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Ìgbà wo ni ẹnì kan kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ bá àwọn aláṣẹ ìlera àdúgbò yín. Ẹ̀yin tí aboyún sì wà nílé yín báyìí, ẹ bá a lọ sí ibi tó ti fẹ́ bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀rá tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tó máa ń wà níbẹ̀ lóru, ẹ sì bá onímọ́tò kan ṣàdéhùn sílẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.